Ọdẹ́jìnmí Nínú Àáró Àwọn Iwin

Ẹ sún wọlé díẹ̀ sí i, ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ẹ ki fóònù yín bọ àpò, kò ní sunkún. Ìwọ Gbádébọ̀ tí o jókòó ti àmù yẹn, mo gbọ́ ohun tí ò ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ kí n tó jáde. Ojú ọdẹ lè di bàìbàì, etí rẹ̀ kì í darúgbó. O ní ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń dá owó jọ lórí fóònù, pé ẹni tó bá tètè wọlé ni yóò kọ́kọ́ kó, pé ẹ kò mọ àwọn tó kù lójú, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni wọ́n, nítorí pé wọ́n máa ń kí yín láràárọ̀. Ó dára. Òjò yìí kò ní dá kíákíá. Èmi tí mo fi èékánná bó awọ ẹfọ̀n lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ mi bọ́ sódò, èmi tí ìwo àgbọ̀nrín kún àjà mi bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, èmi tí kò sí igbó tí n kò wọ̀ rí àyàfi èyí tí kò ní ẹran, mo fẹ́ sọ ìtàn Ọdẹ́jìnmí fún yín. Kì í ṣe ìtàn ara mi. Èmi kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ ìlú Agbéde, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bí ìbọn rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ẹran ló ń dá a lóhùn. Kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í ta ẹran, kò sì sí ọjọ́ kejì ọjà tí ó ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn èèyàn rò pé ilé ọ̀lẹ nìkan ni òṣì mọ̀. Irọ́ ni, òṣì mọ ilé òṣìṣẹ́ pẹ̀lú, ó kàn máa ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé ni. Àìsàn ti Ọdẹ́jìnmí ni pé kò lè gbọ́ oríkì kó dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹnìkan bá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ọmọ apẹran-níṣojú-ẹkùn!" itan ẹran kan ti lọ nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀dọ̀ a yìn ín díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ itan a yìn ín títí dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá rẹ̀.

Abẹ̀ní, ìyá rẹ̀, a máa wò ó, a máa mi orí.

"Ọdẹ́jìnmí, àgbẹ̀ kì í jẹ iṣu kó jẹ ẹ̀bù mọ́ ọn. Nínú gbogbo ẹran tí o pa lọ́dún yìí, èwo ni ẹ̀bù?"

"Ìyá mi, ẹran kì í hù."

"Owó ẹran ńkọ́?"

"Owó náà kì í hù."

"Lóòótọ́ ni. Kò lè hù nínú ikùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, kí n là á yé yín: ẹ̀bù ni iṣu tí a yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Ebi kì í mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí. Bí ebi bá mọ ibẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ti kú.

Ọmọbìnrin kan wà ní Agbéde tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa ka nǹkan. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ ẹ, òun náà kò kọ̀. Láwọyin, bàbá Àwẹ̀ró, àgbẹ̀ ni, èèyàn gbígbẹ bí èèpo iṣu. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí gbé odindi ìgalà wá dọ̀bálẹ̀ fún un, bàbá yìí yí ẹran náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹran dáadáa ni. Lọ́la ńkọ́?"

"Bàbá, màá pa òmíràn."

"Bí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀ ńkọ́?"

"Ibà kì í ṣe ọdẹ bíi tèmi."

"Mo gbọ́. N kò fẹ́ ẹran, n kò fẹ́ aṣọ. Gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bù kan wá tí yóò tó gbin oko, kí n rí i pé nǹkan lè wà lọ́wọ́ rẹ kó sun ibẹ̀, kó sì jí níbẹ̀. Bí ìjẹṣu bá dé tí n kò rí i, Àjàgbé ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń wo ẹnu mi láti èṣí."

Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Owó ẹran mẹ́ta ì bá ra apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bù yẹn kí òṣùpá tó kú. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé lè ṣe, ta ni yóò kọrin rẹ̀? Ọdẹ́jìnmí ti gbọ́ pé nínú Igbó Ìkánjú, àwọn iwin kan wà tí wọ́n ń gbin iṣu láàárọ̀ tí wọ́n ń wa á ní ọ̀sán. Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. Abẹ̀ní dì í láṣọ mú.

"Ọmọ mi, ohun tó bá tètè hù, ṣé o ti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi bomi rin ín?"

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́."

Òótọ́ ni òwe yẹn. Èmi ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ rí. Ó kí mi, mo dá a lóhùn, a jọ mọ ara wa dáadáa.

Ẹ má bi mí bí Ọdẹ́jìnmí ṣe rìn. Ẹsẹ̀ ló gbé e lọ. Ibi tó kọ́kọ́ já sí ni Ìlú Ẹ̀wù, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wọ gbogbo ohun tí wọ́n ní sára. Ẹlòmíràn wọ ogún agbádá lé ara wọn, kò lè gbé ọwọ́ dé ẹnu. Ọ̀gá wọn wọ ogójì. Ibi tó dúró sí lọ́jọ́ tó wọ ìkẹyìn ló ṣì dúró sí. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni aṣọ wọn ní. Iṣẹ́ ọnà kún àyà, ìhòòhò ni ẹ̀yìn, nítorí náà gbogbo wọn ń rìn bí alákàn, ẹ̀yìn wọn kò kúrò lára ògiri. Bí ebi bá pa wọ́n, wọn a bu etí aṣọ jẹ. Ẹni tó bá ti jẹ apá ẹ̀wù tirẹ̀ dé èjìká, ìdílé ńlá ni wọ́n ń kà á sí.

Ọdẹ́jìnmí rí gbogbo èyí, ẹ sì mọ ohun tó wù ú níbẹ̀? Iṣẹ́ ọnà.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ga bí ìrókò, tó dúdú bí kóró iṣin!" ni ọ̀gá wọn kí i. "Níbo lò ń lọ nínú ẹ̀wù ọdẹ yìí?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn iwin, láti lọ bá wọn ṣòwò."

"Ṣòwò! Pẹ̀lú ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ ẹran gbẹ sí? Ẹni tó ń wá ọrọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ ọlọ́rọ̀. Bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Gba agbádá yìí, kí o fún mi ní irin gígùn èjìká rẹ yẹn, ó yẹ ọrùn mi."

Ọdẹ́jìnmí wo ìbọn rẹ̀. Ìbọn tó ti ń bọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti mọ ẹran yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Ó wo agbádá. Ó bọ́ ìbọn sílẹ̀. Wọ́n fi okùn kọ́ ọ sọ́rùn ọ̀gá tí kò mọ èwo ni ẹnu rẹ̀, èwo ni ìdí. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́, inú ọdẹ wa dùn. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ ra bàtà: ẹni tó bá ta ohun tó ń bọ́ ọ kó lè dára lójú, ojú nìkan ni yóò máa fi jẹun.

"Bàbá, ẹnìkan kò ta ẹ̀rọ ìránṣọ níbí," ni Gbádébọ̀ ń kùn un.

Dákẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí, mo kàn fi ẹ̀rọ ìránṣọ bo orúkọ rẹ ni. Jẹ́ kí n máa bá ìtàn mi lọ.

Ní oríta tó ṣíwájú, Ọdẹ́jìnmí bá bàbá kan tó jókòó sórí ilẹ̀, tí gbòǹgbò ti hù láti ìdí rẹ̀ wọlẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òkèèrè. Afipamọ́ ni orúkọ rẹ̀.

"Dúró, aláṣọ," ni Afipamọ́ wí. "Ẹni tó bá máa kọjá yóò dáhùn àlọ́ mi. Kí ló wà nílé mi tí kì í ṣe tèmi?"

"Àlejò."

"Rárá."

"Èkúté."

"Èkúté náà ti lọ, kò rí nǹkan jẹ. Iṣu tó wà lábẹ́ ìdí mi ni. Láti ìgbà tí mo wà ní irú ọjọ́ orí rẹ ni mo ti sin ín, tí mo jókòó lé e kí olè má bàa gbé e. N kò jẹ ẹ́, n kò gbìn ín, n kò tà á. Mo pa á mọ́."

Òórùn kan ń jáde láti inú ilẹ̀ náà tó lè lé ìkookò kúrò nídìí òkú.

"Bàbá, iṣu yín ti jẹrà."

"Má ṣe sọ bẹ́ẹ̀!" Omi bọ́ lójú Afipamọ́. Síbẹ̀, kò dìde. Ó ní, "Mo mọ ibi tí ò ń lọ. Mo ti rí púpọ̀ irú rẹ tí wọ́n kọjá síbẹ̀. Gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: kí o tó gba ìpín àkọ́kọ́ nínú àáró wọn, ní kí wọ́n mú ọ lọ wo oko ẹni ìkẹyìn."

Ọdẹ́jìnmí fi etí agbádá dí imú. "Ẹni tí ìdí rẹ̀ ń rùn ni yóò kọ́ mi lówò? Ẹ kú ìjókòó o, bàbá." Ó kọjá lọ. Ó gbọ́ òórùn ìdí, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Nǹkan mìíràn sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àáró ni iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn ṣe ní àyípo: lónìí gbogbo wa á ro oko tìrẹ, lọ́jọ́ mìíràn tèmi, bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kárí, olóko ọjọ́ náà ni yóò sì bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní Agbéde, ẹni tó bá bi ẹlẹgbẹ́ àáró rẹ̀ pé báwo ni oko rẹ ṣe tóbi tó, bí ẹni tó ń ka ọmọ olọ́mọ ni. Wọn a ní ìlara ni, wọn a ní ahun ni. Nítorí náà, àgbà ìlú wọn gan-an kì í bèèrè. Láàárín àwọn tó bá ara wọn dàgbà, kò léwu. Gbogbo wọn mọ oko ara wọn láti kékeré. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí gbé ìtìjú ìlú rẹ̀ wọ inú igbó iwin, ó rò pé ìwà ọmọlúàbí ni.

Iwin mẹ́ta ló bá. Èkíní ni Eléjìká-Òkúta, tí èjìká rẹ̀ ń lọ ara wọn bí ọlọ bó bá ń mí. Èkejì ni Ẹlẹ́nu-Méjì, ó ń fi ọ̀kan kí èèyàn, ó ń fi èkejì jẹun, méjèèjì kì í sinmi. Ẹ̀kẹta ni Ìyá Onírẹ̀lẹ̀. Obìnrin kékeré ni, ó mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Agbádá yìí!" ni Ẹlẹ́nu-Méjì pariwo. "Ẹ wo ọmọ olóyè! Ẹ wo ẹni tí ojú ń ti ilẹ̀ láti gba ẹsẹ̀ rẹ̀! Irú yín la ti ń retí nínú àáró wa. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbà."

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Irú ẹ̀wù yìí kì í tò sẹ́yìn."

"Ẹ̀bù ńkọ́? N kò mú ẹ̀bù wá."

"A ó wá a fún ọ, ọkọ mi," ni Ìyá Onírẹ̀lẹ̀ wí. "Nígbà tó bá kàn wá, ìwọ náà á wá tiwa."

Ọ̀rọ̀ Afipamọ́ sọ sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹja ṣe ń sọ lódò. Ó la ẹnu láti bèèrè. Ó wo ojú wọn, ó rí i bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un, ó pa ẹnu dé. Wọ́n mulẹ̀, gbogbo wọn fi ahọ́n kan erùpẹ̀. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́! Eléjìká-Òkúta fi èjìká wó igi, Ẹlẹ́nu-Méjì ń wú kùkùté bí ẹni ń wú eyín, ebè ń ga, ẹ̀bù ń bọ́ sínú ilẹ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, iṣu ti ń fọ́ ebè jáde, ó tóbi bí ẹsẹ̀ erin. Ọdẹ́jìnmí dúró níwájú àká tó kún dé òrùlé, ó ń pe oríkì ara rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ráyè bá a pè é.

"Olóko," ni Eléjìká-Òkúta wí, "ebi ń pa òṣìṣẹ́."

Òfin àáró ni. Ó sun díẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́. Ó sun púpọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́. Ó se, ó gún. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, wọ́n wọ inú àká lọ, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Òkìtì orí iṣu nìkan ló kù, nítorí èèwọ̀ iwin ni orí iṣu. Ojú Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ fà ro, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Orí iṣu kọ́ ni ẹ̀bù? Àbí kí ni Láwọyin ní kí òun mú wá? Ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó kún bámúbámú, ó gbé e rù, ó kọjú sọ́nà ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Ilẹ̀ tó lá mú un ní gìgísẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Ẹlẹ́nu-Méjì fi ẹnu kan wí, ó ń fi èkejì họ eyín. "Ó kan Eléjìká-Òkúta."

Oko Eléjìká-Òkúta, òkè kan ni. Kì í ṣe oko lórí òkè. Òkè náà gan-an ni oko, wọ́n sì ní kí Ọdẹ́jìnmí kọ ọ́ ní ebè. Ó fọ́ òkúta títí awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bọ́ sára èèkù ọkọ́, tí awọ náà sì ń dá ro oko lọ láìsí i. Agbádá fà ya, ó di àkísà, wọ́n fi nu ọkọ́. Bí ebi bá dé, òfin ni pé olóko yóò bọ́ òṣìṣẹ́. Eléjìká-Òkúta a jókòó síwájú rẹ̀, a ní, "Ọdẹ́jìnmí, ọmọ apẹran-níṣojú-ẹkùn! Ọmọ agbọ́ná-jẹ-bí-iyán!" Oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kò sì ní gbà mí gbọ́, ó yó o! Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó gbé àyà sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń gbọ́ oríkì, ó ń rù, ó ń gbọ́ oríkì, ó ń rù, títí ṣòkòtò rẹ̀ kò fi rí ìdí jókòó lé mọ́. Ohun tó fi ẹran san ní Agbéde, ó wá fi ẹran ara rẹ̀ san án níbẹ̀.

Oko Ẹlẹ́nu-Méjì wà nínú ikùn Ẹlẹ́nu-Méjì. N kò ní sọ púpọ̀ nípa ibẹ̀, àwọn kan nínú yín kò tíì jẹun ọ̀sán. Ó wọlé lọ ro ó, ó sì bá àwọn iṣu tirẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, kò sí èyí tó ṣeé mú jáde.

Ó wá kan Ìyá Onírẹ̀lẹ̀. Oko tirẹ̀ kéré, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, kò ní òkúta, kò ní èpò. Ọdẹ́jìnmí mí kanlẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣeun. Oko tiyín nìkan ló lójú àánú."

"O kú iṣẹ́, ọkọ mi. Jókòó. Tèmi kò le. Kò sí ríro, kò sí kíkọ ebè. Ẹ̀bù nìkan ni wàá wá fún mi, bí a ti wá tìrẹ."

Ọdẹ́jìnmí dì mọ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun. Ìyàwó ni mo fẹ́ fi èyí fẹ́."

"Háà! N kò ní fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò gba ẹ̀bù lọ́wọ́ ọmọ tó ń lọ gbéyàwó? Irú yẹn kọ́ ni mò ń gbìn. Na ọwọ́ rẹ kí n wò ó."

Ó na ọwọ́. Ẹ̀yin náà ì bá nà án. Irú ohùn tí wọ́n fi ń peni wá jẹun ni. Ìyá Onírẹ̀lẹ̀ tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí obìnrin ṣe ń tẹ tòmátì wò lórí àtẹ.

"Wọ́n gbó dáadáa," ni ó wí. Ó fa ọ̀bẹ kékeré kan yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn bí ẹni ń gé ilá.

Igbe tí Ọdẹ́jìnmí ké, ẹyẹ fò lórí igi. Eléjìká-Òkúta ló dì í mú. Ẹlẹ́nu-Méjì ń fi ẹnu kan kọrin, ó ń fi èkejì bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù.

"Má pariwo, ọkọ mi," ni Ìyá Onírẹ̀lẹ̀ wí. "Nígbà tí a ń ro tìrẹ, ta ló pariwo?"

Mẹ́sàn-án ló gé. Ó fi ọmọńdinrín ọwọ́ òsì sílẹ̀. "Èyí kù fún ọ," ni ó wí, "kí o lè máa nà án sí ọ̀nà ibí, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá bèèrè."

Ó gbin wọ́n. Kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, ilẹ̀ wú, ọwọ́ jáde níbi tí ìka wà, ọwọ́ pípé, oníka márùn-ún. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan na ara, ó gbá ọkọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdẹ́jìnmí mọ àpá tó wà lára ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀gún ẹyìn ló ha á níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Wò wọ́n," ni Ìyá Onírẹ̀lẹ̀ wí, ó ń nu ọ̀bẹ. "Bí mo bá sùn, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ń jẹun, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Lọ́la màá gé ìka tí wọ́n hù, màá gbin ìyẹn náà. Lọ́túnla ńkọ́? Ìwọ ni kó o ṣírò rẹ̀. Ọkọ mi, o ní mẹ́wàá láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti bí ọ. Kí lo fi wọ́n gbìn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń wojú ara yín, ọ̀rọ̀ tó wúlò jù lọ nínú ìtàn yìí, ẹnu ìkà ló ti jáde. N kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ bù ú lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì pa ọwọ́ yín mọ́.

Ilẹ̀ tú u sílẹ̀. Ó fi apá méjèèjì gbé apẹ̀rẹ̀ sórí, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bọ̀. Ó dé Ìlú Ẹ̀wù, ó ní kí wọ́n dákun fún òun ní ìbọn òun. Ọ̀gá wọn ti kú; ọjọ́ tó ń jó lójúkan ni irin ọrùn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi ìbọn náà sin ín.

"Bó tilẹ̀ wà," ni wọ́n wí, "kí lo fẹ́ fi fà á?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rántí pé àlejò ń bẹ níwájú, wọ́n tún fẹ̀yìn mọ́ ògiri.

Ebi pa á lọ́nà. Ó lá ìrì, ó jẹ ewé, ó jẹ ilẹ̀ pupa. Ẹ yìn ín, ó tọ́ sí i níbí: kò fi ẹnu kan ẹ̀bù. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó kọ́ pẹ̀lú ìka mẹ́wàá, ó fi ọ̀kan ṣoṣo kọ́ ọ tán.

Ọjọ́ ìjẹṣu gan-an ló wọ Agbéde. Abẹ̀ní sáré pàdé rẹ̀, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó yọ̀. Ó wo ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ọdẹ́jìnmí kò dúró. Ó lọ sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Láwọyin. Láwọyin dà á sílẹ̀, ó yẹ ẹ̀bù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó rà.

"Ẹ̀bù pé," ni ó wí. "Na ọwọ́ rẹ."

Ọdẹ́jìnmí na ọmọńdinrín kan ṣoṣo tó kù.

"Mo ní kí o wá fi hàn mí pé nǹkan lè dúró lọ́wọ́ rẹ. O mú nǹkan wá, o fi ọwọ́ sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ kò sọ pé..."

"N kò sọ. Ta ló ń sọ fún ọkọ ìyàwó pé kó má gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ nílé?"

Àwẹ̀ró jáde síta. Gbogbo èèyàn rò pé yóò sunkún. Ó wo Ọdẹ́jìnmí pẹ́, ó tún wo ẹ̀bù.

"Bàbá mi, ẹrù ìdána tí ọkọ bá gbé wá, bó bá jẹ́ òun ló kùnà, ṣé wọ́n ń dá a padà?"

"Wọn kì í dá a padà."

"Ó dáa." Ó kó ẹ̀bù náà padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e wọlé.

Àjàgbé ni ó fẹ́. Àwẹ̀ró gbin ẹ̀bù iwin, iṣu rẹ̀ ta. Ó yà á sọ́tọ̀, ó tún gbìn ín, ó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ó gba àwọn alágbàṣe. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ kí àwọn oníṣu ọjà mẹ́ta tó máa kúnlẹ̀ kí i. Kì í ṣe ìkà o. Bí ó ti ń lówó náà ló ń ṣàánú. Òun ló gba Ọdẹ́jìnmí síṣẹ́ nígbà tí Abẹ̀ní kú tí kò sí ẹni tí yóò máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ó fi í ṣọ́ oko. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pariwo lé ọ̀yà. Àwọn ọ̀yà náà mọ̀ ọ́n. Ẹran tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ wọn a wọ ihò, wọ́n wá ń jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń jẹ iṣu, wọ́n ń wo ọmọńdinrín rẹ̀ bí ó ṣe ń nà án sí wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Àwẹ̀ró ń gbé iṣu sísè wá fún un, ó gbóná, epo wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ọdẹ́jìnmí kò jẹun. Ó wolẹ̀.

"Àwẹ̀ró, mo ń bẹ̀ ọ́. Má gbé sísè wá fún mi mọ́. Orí iṣu tí o gé kúrò kí o tó sè é, ẹyọ kan lójúmọ́, ìyẹn ni kí o fi san owó iṣẹ́ mi. Màá fara da ebi. Màá fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, màá fi eyín gbé e sí i. Bí ọdún bá yípo, èmi náà á ní ebè tèmi."

Àwẹ̀ró wò ó pẹ̀lú àánú tòótọ́. Ó nu epo tó kán sí i létí ẹnu.

"Ó gbọ́n, Ọdẹ́jìnmí. Ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí gbọ́n gan-an ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún ọ ní ẹ̀bù, ta ni yóò máa bá mi lé ọ̀yà?" Ó bu iṣu sí i lẹ́nu. "Jẹun. Ó ń tutù."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn wà títí di òní, ìkan ń jẹ, ìkan ń gbìn. Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ lọ bi àwọn ọ̀yà Agbéde, wọ́n sanra. Òjò ti dá. Ẹ dìde lórí ẹní mi, kí ẹ sì rọra tẹlẹ̀, ó ń yọ̀.